Odi Pèrègún Tí A Mọ fún Átọ̀ àti Bọ́ọ̀sì

Títí di òní, bí ike bá jó níbì kan tí òórùn rẹ̀ fẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ọwọ́ ọ̀tún mi a máa ká kò fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ gbé nǹkan kékeré kan sójú iná. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ọwọ́ náà kọ́ àṣà yìí, lẹ́yìn ilé ìdáná bàbá àgbà mi ní Ìlobù, níbi tí mo ti máa ń yọ́ ìdí bírò lórí ẹ̀yinná kí n lè fi lẹ ìbọn mọ́ ọwọ́ ọmọláńgidi kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi a máa pọn sùúkù àgbàdo sẹ́yìn, wọ́n á máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èmi ní tèmi, jagunjagun ni mò ń tọ́.

Méjì ni wọ́n. Àbúrò bàbá mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Èkó ló rà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀, inú ọ̀rá dúdú kan náà ló sì kó wọn sí pẹ̀lú búrẹ́dì, tó fi jẹ́ pé wọ́n ń rùn bíi búrẹ́dì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọrùn wọn ń yí, èjìká ń yí, ìbàdí ń yí, orúnkún ń ká, ṣùgbọ́n ìgúnpá kì í ká. Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká kò bí ẹni tó di nǹkan mú, ihò kan sì wà láàárín àwọn ìka náà. Ihò yẹn ṣófo. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ti bọ́ sọnù níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó: kí ni ẹni yìí dì mú tẹ́lẹ̀? Mo bi àbúrò bàbá mi, ó ní òun kò mọ̀, pé bóyá ife tíì ni. Inú ihò kékeré yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú àwọn fíìmù tí a máa ń lọ wò nílé aládùúgbò wa, ẹni tó ń jà fún òtítọ́ tí ọta ìbọn kì í bá ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè ní Átọ̀, olórí àwọn ẹni ibi sì ni Bọ́ọ̀sì. Mo sọ èyí tó yọrí ní Átọ̀. Èkejì kò ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì, ó ti kán níbi ọrùn ẹsẹ̀, òun ni mo sọ ní Bọ́ọ̀sì. Ìyá mi ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Ìfọ́n kò gbọdọ̀ máa wò mí lójú bí mo bá ń ṣeré, kí n fún un ní ọ̀kan. Ọmọkùnrin náà àti èmi jọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ronú díẹ̀, mo sì fún un ní Bọ́ọ̀sì. Gbogbo ilé yìn mí pé ọmọ tó lawọ́ ni mí. Mo gba ìyìn náà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Idà ni mo kọ́kọ́ ṣe. Igi ìgbálẹ̀ tín-ín-rín jù, ìṣó wúwo débi pé ó ń fa apá Átọ̀ wálẹ̀. Igi ìṣáná ló bá ihò ọwọ́ rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, bí a bá fi bíléèdì há ìdí rẹ̀ díẹ̀. Asà rẹ̀ jẹ́ ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí mo fi ọmọ ọlọ ìyá àgbà lù títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Páálí ìṣáná ni àpò ẹ̀yìn rẹ̀, òwú dúdú ni okùn àpò náà. Mo gé agolo tòmátò ṣe ẹ̀wù irin, mo sì ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú kí ó má baà gé mi lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ó ti gé mi lẹ́ẹ̀mẹta. Àkòró ló le jù. Èèpo èkùrọ́ ni mo fi ṣe é, ṣùgbọ́n èkùrọ́ kì í fẹ́ là dọ́gba. Mo fọ́ ju ogójì lọ kí n tó rí ọ̀kan tó là sí méjì geere, tí orí Átọ̀ sì wọ inú rẹ̀ láì mì. Ní ti ẹṣin, pòròpórò ọkà bàbà dára ju ti àgbàdo lọ, nítorí inú rẹ̀ le, ẹsẹ̀ tí a bá fi gún un kò ní tètè yọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Mo dán an wò ni, ó bàjẹ́, mo tún dán an wò. Èmi náà ni mo fi àbẹ́là ṣe ẹsẹ̀ òsì fún Bọ́ọ̀sì. Oòrùn yọ́ ọ ní ọjọ́ kẹta, ìbátan mi ará Ìfọ́n náà sì sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Ará Ìlobù ni bàbá mi, ará Ìfọ́n ni ìyá mi. Ilé àwọn ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ẹni tó ń rìn lọ lójú títì lè kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín wọn kí wọ́n tó bí bàbá àgbà mi, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti dárúkọ ilẹ̀, ohùn àwọn àgbà a yí padà. Èyí máa ń rú mi lójú. Tí mo bá wà ní Ìlobù, wọ́n á ní, “Ẹ wo ọmọ ará Ìfọ́n yìí.” Bí mo bá dé Ìfọ́n, wọ́n á ní, “Ọmọ Ìlobù ti dé o.” Mi ò mọ ibi tí mo ti lè jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Èmi àti ìbátan mi pàápàá, Ará Ìlobù àti Ará Ìfọ́n la fi ń pe ara wa, pàápàá bí eré bá ti gbóná.

Oko bàbá àgbà mi àti oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi pààlà. Ibi tí wọ́n ti pààlà yẹn gan-an ni wọ́n ti rí ìyá mi fún bàbá mi, wọ́n ní omi mímu ló wá bù. Pèrègún ni wọ́n gbìn sí ojú ààlà náà láti ìdí igi ńlá kan títí dé etí odò, ìgbésẹ̀ kan láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bàbá àgbà mi a máa ní pèrègún ni ẹlẹ́rìí tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ, n óò sì mi orí. Èmi rò pé òdòdó ni.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde ọdún náà, ojoojúmọ́ la jọ ń lọ sóko. Àwọn àgbà a máa kọ ebè lápá ìsàlẹ̀, àwa méjèèjì a sì máa ṣeré lápá òkè, níbi tí àwọn oko méjèèjì ní ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi. Òkìtì ọ̀gán kan wà níbẹ̀, ó pupa, ó ní góńgó mẹ́ta bí ààfin. Mo ní ibẹ̀ ni ìlú Átọ̀ máa wà. Inú oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni òkìtì náà wà. Àpáta pẹrẹsẹ kan sì wà ní ìsọdá pèrègún, nínú oko bàbá àgbà mi. Ìbátan mi ní ibẹ̀ ni Bọ́ọ̀sì máa tẹ̀dó sí. Ọmọ Ìlobù mú ilẹ̀ Ìfọ́n, ọmọ Ìfọ́n mú ilẹ̀ Ìlobù, ààlà wà láàárín, kò sì sí èyí tó ronú nípa rẹ̀ nínú wa. Ohun tí àwa ń wò ni òkìtì àti àpáta.

“Átọ̀ rẹ ò ní ibi tó máa sá sí,” ìbátan mi wí. “Mo ti yí i ká.”

“Átọ̀ kì í kú. Lọ bi ẹnikẹ́ni tó o bá fẹ́.”

“Ní Ìlobù yín nìkan ni kì í ti í kú. Tó bá dé Ìfọ́n, àá wò ó.”

Bí a ṣe dé ọ̀rọ̀ odi nìyẹn. Ìlú tí kò ní odi, ẹni tó bá wù á wọ inú rẹ̀. Mo dán igi ẹ̀gẹ́ wò, ó nípọn jù. Ọparun le fún bíléèdì. Ìrèké dára, ṣùgbọ́n èèrà kó bò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà náà ni ojú mi lọ sí ara pèrègún. Ó tọ́, kò nípọn ju ìka mi lọ lápá òkè, bíléèdì ń gé e bí ẹni gé ọṣẹ, àpá ewé tó ti bọ́ sì yí i ká ní òrùka-òrùka bí ẹni pé oníṣẹ́ ọnà ló fín in. Mi ò tíì rí igi odi tó dára tó bẹ́ẹ̀. A gé orí wọn láti ojú ààlà, a já ewé kúrò, mo sì fi okùn wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí gígùn wọn lè dọ́gba. Nítorí pé igi wa kò pọ̀ tó láti yí ìlú po, a mọ odi sí ọ̀nà tí ọ̀tá máa gbà wá nìkan, ní ìlà gbọọrọ kan. Igi mẹ́tàlélógún ni tèmi, ìdajì àtẹ́lẹwọ́ láàárín wọn. Ti ìbátan mi jẹ́ mọ́kàndínlógún, ó sì wọ́ bí ìrù alángbá. Ilẹ̀ gbẹ, igi kò fẹ́ dúró. Mo ní ká pọn omi lódò, ká pò ó mọ́ amọ̀, ká fi tẹ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe é dáadáa. Tí n kò bá ti ṣe é dáadáa ni, bóyá ǹ bá má ní ìtàn yìí láti sọ.

Lọ́jọ́ tí ìsinmi parí, Bọ́ọ̀sì mú Átọ̀ nígbèkùn. Òfin eré wa ni pé ilé ẹni tó bá múni lẹ́rú ni ẹrú ń sùn, ni Átọ̀ bá bá wọn lọ sí Ìfọ́n pẹ̀lú àkòró rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ lọ rà á padà pẹ̀lú ẹṣin méjì. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan lọ, òmíràn dé. Ilé ẹ̀kọ́ gba àkókò wa, àwọn àgbà sì dojú kọ apá ìsàlẹ̀ oko. Kò sẹ́ni tó dé apá òkè mọ́ títí àkókò fi tó láti gbin nǹkan síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, bàbá àgbà mi ti oko dé, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà kan, ó gbàgbé èkejì sẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, “Àna wa ti rìn wọlé tọ̀ mí.” Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti gbin pèrègún tuntun sínú oko òun, ó sì ti bẹ́ orí ti àtijọ́ kí ojú lè rú. Kí oúnjẹ tó jinná, ìránṣẹ́ dé láti Ìfọ́n: ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí wọ́n bá òun bi bàbá bóyá nítorí pé àwọn fi ọmọ fún un ló ṣe gbin pèrègún sínú oko àwọn. Bàbá àgbà mi na ìka sí afẹ́fẹ́. “Ẹ gbọ́ o! Ó gbin ọ̀kan sínú oko tèmi, ó tún gbin ọ̀kan sínú tirẹ̀ láti fi bo àṣírí.” Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ohun kan náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ nípa rẹ̀.

Kò tíì yé mi. Igi òkú ni àwa gbìn, tàbí ohun tí mo rò pé òkú ni. Ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun alààyè tó ní ewé. Mi ò so méjèèjì pọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò gbọdọ̀ tẹ Ìfọ́n mọ́, Átọ̀ sì wà níbẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ báyìí. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ni ìyá mi máa ń lọ wẹ ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó ní Ìfọ́n, tó sì máa ń di irun rẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ níbi tó jìnnà, kò sí nílé láti bá a bẹ bàbá àgbà. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni ìyá mi fi wọ aṣọ tán, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òòyà àti òwú lórí itan, tó sì tún bọ́ aṣọ náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta mo lọ bá a.

“Ìyá mi, ta ló jàre nínú wọn?”

Ó ká òwú náà mọ́ òòyà. “Bí mo bá ní bàbá ọkọ mi, mo ti pa ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá ní ẹ̀gbọ́n mi, níbo ni mo máa sùn? Lọ bu omi wá.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ìpàdé sí ojú ààlà. Àgbà àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì odò ló fẹ́ bá wọn yanjú rẹ̀. Wọ́n ní bí kò bá yanjú lọ́jọ́ náà, ààfin ló kù, gbogbo wa sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti kúrò láàárín àna méjì tó di ti ìlú méjì, kò sí ọwọ́ tó tún lè kó o padà. Ìyá mi tẹ̀ lé bàbá àgbà, èmi gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ìbátan mi kò wojú mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àgbà mi nítorí ọjọ́ orí, bàbá àgbà sì dáhùn nítorí àṣà, ṣùgbọ́n ìkíni náà tutù bí ẹ̀kọ àná.

“Àna mi,” bàbá àgbà wí, “ẹ bá mi bi pèrègún yìí, ṣé ẹsẹ̀ ló fi rìn wá sínú oko mi?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Kí n tó bi ti inú oko yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá wo ti inú oko mi.”

Àgbà àgbẹ̀ náà lọ wo ti ọ̀hún, ó bọ̀ wá wo ti ìhín, ó tún padà lọ. Ó bọ́ fìlà, ó họ orí. “Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú o. Olè ilẹ̀ a máa sún ààlà síwájú. Mi ò rí èyí tó sún un síwájú tó tún sún un sẹ́yìn lọ́jọ́ kan náà rí.”

Mo gbé omi tẹ̀ lé wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì ọ̀gán. Pèrègún kéékèèké wà níbẹ̀, wọ́n tó mi lórúnkún, ewé wọn ń dán. Ní ìdí ẹ̀kẹta láti apá òsì, ìdérí ìgò kan wà tó ti dípata, pẹrẹsẹ, pẹ̀lú ihò méjì tí òwú máa ń gbà kọjá. Asà ni. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ dà lù mí lẹ́ẹ̀kan náà. Odi wa ti hu ewé. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé lè gun igi kó má rí i. Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà mẹ́ta dúró níwájú ohun tí ọmọdé nìkan lè rí. Mo sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, mo kúnlẹ̀.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwa la gbìn ín. Odi Átọ̀ ni.”

“Odi ta?”

“Átọ̀, bàbá.”

Àgbà àgbẹ̀ náà yíjú sí bàbá àgbà. “Ta ní ń jẹ́ Átọ̀? Ṣé òun náà ní ilẹ̀ níbí ni?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Átọ̀, Bọ́ọ̀sì, òkìtì, àpáta, bíléèdì, amọ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ojú wọn ń le sí i. Mo ti rò pé bí ènìyàn bá ti sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ tán. Bàbá àgbà mi kò tilẹ̀ wò mí mọ́; ìyá mi ló ń wò. “Ìyàwó, ìwọ lo kọ́ ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀?” Ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà ní, “Àbúrò mi, o fẹ́ kí ọmọdé ru ẹ̀ṣẹ̀ ilé ọkọ rẹ?” Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn. Ìyá mi kúnlẹ̀ láàárín wọn. Ó kọjú sí ọ̀kan, ó rí i pé ẹ̀yìn òun wà sí èkejì, ó yí padà, ó tún yí padà. Ó ń búra pé òun kò kọ́ mi, kò sì mọ ẹni tí yóò kọjú sí láti búra. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí, èyí ni mi ò lè gbàgbé.

Mo pariwo pé mẹ́tàlélógún ni, kí wọ́n kà á. Kò sẹ́ni tó kà á. Ìgbà náà ni ìbátan mi jáde lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó sì na nǹkan kan sí wọn. “Átọ̀ rèé.” Ó ti rán ẹ̀wù tuntun fún un láti ara àǹkárá ìyá rẹ̀, rírán náà burú jáì. Ó wá bú sẹ́kún. “Èmi náà gbin tèmi níbi àpáta, ṣùgbọ́n tèmi ò hù dáadáa bíi tiẹ̀!”

Ọ̀rọ̀ pé kò hù dáadáa ló mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi dúró. Ó kọjá sí ìdí àpáta, ó fa ọ̀kan tu nínú àwọn tó gbẹ, ó gbé e sójú oòrùn, ó yí i, ó tún yí i. Ó fa òmíràn tu. Méje ló gbẹ, méjèèje ló wò. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ wá wò ó. Orí ni wọ́n fi rì í mọ́lẹ̀! Àgbẹ̀ wo ló ń gbin pèrègún ní àgbékọ́dí?”

Bàbá àgbà gbà á, ó fi ìka wá ojú òrùka ewé, ó rí i pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọjú sí. Ó fọwọ́ kan ibi tí bíléèdì gé, níbi tí àdá kò lè gé bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó mí kanlẹ̀. Kò sí àgbàlagbà ní Ìlobù tàbí ní Ìfọ́n, kódà kó jẹ́ olè paraku, tó lè fi orí pèrègún gúnlẹ̀. Àṣìṣe náà kéré jù fún ẹni ńlá. Ó fa ìyá mi dìde fúnra rẹ̀, ó ní kó máa lọ wẹ ìyá rẹ̀. Ìyá mi kò dúró mu omi, ó gba inú oko kọjá lọ sí Ìfọ́n bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Pàṣán mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n nà wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, bàbá àgbà pè mí, ó gbé Átọ̀ sórí itan, ó ní kí n ṣàlàyé fún òun bí mo ṣe rí èkùrọ́ tó là dọ́gba bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó nà mí ní ọ̀sán ṣe tún ń yìn mí ní ìrọ̀lẹ́, mi ò mọ̀.

Ìjà parí, ṣùgbọ́n pèrègún kò kúrò. Wọ́n ní àwọn á jọ fà á tu. Bàbá àgbà ní òun kò lè dá fa ti inú oko òun, kí wọ́n má baà ní òun fa ààlà tu lọ́la; ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́, òjò rọ̀. Wọ́n dá òmíràn, òkú sùn. Wọ́n di ọ̀rẹ́ padà, wọ́n jọ ń mu ẹmu lábẹ́ igi, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi kú. Kò sẹ́ni tó fa nǹkan kan tu.

Mo ń gbé ní Òṣogbo báyìí, mo ti lé lógójì ọdún. Mo ṣì ń ṣe àwọn nǹkan kéékèèké, àkòró, asà, gàárì ẹṣin, fún ẹni tí ọmọláńgidi rẹ̀ bá ti sọ tirẹ̀ nù. Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin àti ìbátan mi jọ pè mí wá sí oko. Ọ̀nà tuntun ti gba ibẹ̀ kọjá. Katakátá ti wó igi ńlá, ó ti tẹ́ òkìtì ọ̀gán, wọ́n ti fọ́ àpáta tà. Nínú ìlà pèrègún mẹ́ta, méjì ló kù, gbọọrọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ga bákan náà, wọ́n nípọn bákan náà, àwọn mìíràn ti kú, àwọn mìíràn ti bímọ sáàárín. Bí odi ìbátan mi àti ààlà ló kù, àbúrò mi ló ni ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. Bó bá jẹ́ ààlà àti odi Átọ̀ ni, ti ìbátan mi ni. Ilẹ̀ náà tó ilé kan. Àwọn méjèèjì fẹ́ kọ́lé, wọn ò sì fẹ́ jà. Wọ́n ní èmi ni mo gbìn ín, èmi ni mo mọ gbogbo nǹkan pẹ̀lú ìwọ̀n, èyí tí mo bá tọ́ka sí ni àwọn méjèèjì á gbà.

Mo rìn ín lọ, mo rìn ín bọ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àárín igi, kò bá ohunkóhun mu.

“Ará Ìlobù,” ìbátan mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, “ìwọ tí o ka mẹ́tàlélógún. Sọ fún wa.”

Àbúrò mi ń wò mí. Òun náà ń wò mí. Lọ́jọ́sí, mo mọ òtítọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà mí gbọ́. Ní báyìí, ohunkóhun tí mo bá sọ ni wọ́n máa gbà gbọ́, òtítọ́ gan-an ni mi ò mọ̀ mọ́. Mo rántí bí ìyá mi ṣe ń yí lórí eékún láàárín ẹni méjì, ó sì wá yé mi, fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó ń wá. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n nà. Mo kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sẹ́yìn, mo sì sọ fún wọn pé mi ò mọ̀.